Àdògán Tí Mo Gbé Lọ Síwájú Àwọn Aṣòfin Èkìtì

Ẹ̀yin ará Ṣakí, mo ti dé o. Ẹ̀yin tí ẹ ní àwọn Èkìtì á fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ padà sílé, ẹ fìdí mọ́lẹ̀ kí ẹ gbọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ní orí òkè ni wọ́n ń gbé, pé n kò ní rí afẹ́fẹ́ mí, irọ́ ni ẹ pa. Mo mí, mo jẹ, mo sọ̀rọ̀ lójú àwọn aṣòfin, inú mi sì ń dùn títí di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ mọ iṣẹ́ mi. Amọ̀ ni mo fi ń jẹun. Láti ìgbà tí mo ti kọ́ bí a ṣe ń mọ àdògán tí kì í rú èéfín, tí igi díẹ̀ ń jó nínú rẹ̀ tí ìkòkò sì ń hó kùtùkùtù, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sinmi mọ́ níbí. Ẹ rántí Àǹtí Bùsọ́lá, ọmọ Èkìtì tó ṣe tíṣà lọ́dọ̀ wa, tó máa ń wá jókòó tì mí nígbà tí mo bá ń po amọ̀. Ó padà sílé nígbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ tiwọn sílẹ̀, iṣẹ́ ọ̀rọ̀ àyíká ni ìjọba sì fún un. Nígbà tí àwọn sọ́jà gbé ìjọba sílẹ̀ tí àwọn tí a dìbò fún wọlé, ó ránṣẹ́ sí mi. Ó ní wọ́n ń ṣe àbá òfin lórí igbó àti ohun ìdáná. Abala kan wà níbẹ̀ tí òun fúnra òun jà fún, pé kí ìjọba máa kọ́ àdògán aláìléèéfín sí ilé-ìwé, ilé ìwòsàn àti ọjà káàkiri ìpínlẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn aṣòfin fẹ́ yọ abala náà dànù. Wọ́n ní ta ló rí irú àdògán bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní, "Ẹ wá fi hàn wọ́n."

Ẹsẹ̀ mi ti ń yún mi tẹ́lẹ̀. Mo lọ.

Ẹrù funfun

Àdògán kékeré kan ni mo gbé dání, kí n lè máa fi ṣe àpẹẹrẹ. Kí ó má baà fọ́, mo fi aṣọ funfun wé e, mo sì gbé e sáàárín ẹsẹ̀ mi nínú ọkọ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: obìnrin onílà, aṣọ funfun, ohun roboto kan lábẹ́ aṣọ. Arábìnrin kan tó dì gèlè kékeré mọ́rí, tó gbé Bíbélì lé itan, ń wò mí láti ẹ̀gbẹ́. Kò pẹ́ ló bú sí àdúrà. Ó fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ọkọ̀, ó fi bo táyà, ó fi bo dírẹ́bà.

Dírẹ́bà bẹ̀rù, ó páàkì. Ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ gbé síbẹ̀ yẹn? Ẹ má pa wá o."

Mo tú aṣọ. Gbogbo wọn na ọrùn. Mo ní, "Àdògán ni o! Mò ń gbé e lọ bá ìjọba Èkìtì."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, igbó ló gbè é. Arábìnrin yẹn fúnra rẹ̀ fi Bíbélì bo ojú. Ṣùgbọ́n ká tó rí àwọn òkè Èkìtì dáadáa, ó ti ń bi mí bí a ṣe ń po amọ̀ náà. Ó ní ìyá òun ń wúkọ́ nídìí ààrò. Mo sọ fún un pé kó lọ wá amọ̀ ilé ikán, kó gún koríko gbígbẹ sí i. Ó tún un sọ lẹ́nu kí ó má baà gbàgbé, bí ẹni ń kọ́ ẹsẹ Bíbélì sórí.

Àwọn òkè náà ńkọ́? Àpáta ni, dúdú, òjò sì ti fọ̀ wọ́n. Ọ̀nà ń yí po láàárín wọn, igi obì àti kòkó wà lábẹ́. Òkè wà ní Ṣakí tiwa náà, ṣùgbọ́n tiwọn pọ̀ débi pé ńṣe ni ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan ká ilẹ̀ kó jọ kó má baà gbàyè.

Fájuyì

Bí mo ṣe sọ̀ ní Fájuyì ní àárín Adó, ojú mi ni wọ́n kọ́kọ́ kí. Ẹ̀yin náà mọ àbàjà mi pé kì í ṣe kékeré. Àwọn tó ń pe èrò sínú ọkọ̀ pariwo, "Ìyá Ọ̀yọ́! Onílà! Ẹ kú àbọ̀ o!" Obìnrin kan tó ń ta ọsàn dìde lórí àpótí láti wò mí dáadáa. Ó ní, "Ta ló kọ ulà yí fún ọ?"

Mo ní, "Bàbá mi ni, kí n má baà sọnù."

Ó ní, "O lè sọnù l'Adó? A kúkú ti mọ̀ ọ́!"

Ọmọbìnrin yẹn kò lè ju ọjọ́ orí àbúrò mi lọ, ó sì ń pè mí ní "o." Inú mi ru. Nígbà tó yá ni Àǹtí Bùsọ́lá ṣàlàyé fún mi pé nínú èdè tiwọn, wọn kì í fi "ẹ" bu ọlá fún ènìyàn kan ṣoṣo. Ọ̀wọ̀ tiwọn wà nínú kíkí àti nínú ìkúnlẹ̀. Lóòótọ́, obìnrin ọlọ́sàn yẹn ti kúnlẹ̀ kó tó bi mí ní ọ̀rọ̀ ilà, èmi ni n kò kíyè sí i. Wọ́n tún ń sọ "ulé" fún ilé, "uná" fún iná. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, èmi náà ti ń fi u bẹ̀rẹ̀ gbogbo nǹkan, wọ́n sì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá Àǹtí Bùsọ́lá ni wọ́n fi mí wọ̀ sí, Ìyá Bọ́sẹ̀, àgbà obìnrin tó ń ta iyán lẹ́bàá Fájuyì. Nígbà tí a dé búkà rẹ̀, n kò rí ènìyàn, èéfín ni mo rí. Láti inú èéfín náà ni ó ti jáde, ó ń fi etí aṣọ nu ojú. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ọmọ mi, káàbọ̀. Kú ùrìn. O ti jẹun?"

Kò sọ ohunkóhun nípa ilà mi. Nínú gbogbo àwọn tí mo ti bá pàdé ní ọjọ́ náà, òun nìkan ni kò sọ ọ́. Mo sọ nínú ọkàn mi pé ẹni tó ní ẹ̀kọ́ ilé rèé.

Ó gbé iyán síwájú mi. Ẹ̀yin ará ilé, a kò jẹ iyán rí. Èyí tí à ń jẹ níbí, ìbátan iyán ni. Tiwọn funfun, ó rọ̀, ó ń fà, ó sì gbóná débi pé ìka kọ̀ ọ́. Mo ní kí wọ́n bu díẹ̀ fún mi. Gbogbo búkà kọjú sí mi.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Díẹ̀ báwo? Ara rẹ ò yá ni?"

Mo jẹ gbogbo rẹ̀. Ó tún bù sí i.

Nígbà tí a dá wà, Àǹtí Bùsọ́lá sọ ohun tó ń dùn ún gan-an fún mi. Dókítà ojú ti wo Ìyá Bọ́sẹ̀. Ó ní bí kò bá kúrò nínú èéfín, ojú méjèèjì á lọ. Ìyá Bọ́sẹ̀ fèsì pé iyán ni òun fi tọ́ ọmọ, iyán ni òun á sì tà wọ inú ilẹ̀. Ó ní bí ojú bá lọ, ọwọ́ òun mọ ọ̀nà odó.

"Ṣé ẹ rí i," ni Àǹtí Bùsọ́lá sọ, "kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ni mò ń bá àwọn aṣòfin sọ."

Ìresì tó já mi kulẹ̀ ní Ìgèdè

Wọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ sí Ìgèdè, kí n lọ fi àdògán mi han àwọn obìnrin ibẹ̀. Wọ́n pọ̀! Mo ki igi tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ bọ ẹnu àdògán, mo gbé ìresì kaná, mo ń sọ̀rọ̀. Mo sọ fún wọn pé èéfín tí wọ́n ń fà símú kò dúró sínú ilé, ó ń gòkè lọ bá èéfín gbogbo ayé, ó sì ń mú kí ilẹ̀ gbóná ju bó ti yẹ lọ. Mo ní igi tó yẹ kó gbé díẹ̀ mì nínú rẹ̀, òun náà là ń gé dáná. Wọ́n ń mi orí. Ìresì jinná kíá. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n jẹ ẹ́ tán. Orí mi wú.

Ìyá àgbà kan wá dìde, ó ń fi ahọ́n yọ ìresì láàárín eyín. Ó ní, "Ọmọ Ọ̀yọ́, o ṣé. Ìresì dùn. Ṣé ó lè se uyán?"

Mo wo ìkòkò kékeré tó wà lórí àdògán kékeré.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ́n-ẹ́n. Ẹ jẹ́ ká relé, usu ń dúró dè wá."

Gbogbo wọn dìde. Ojú tì mí, kí n má purọ́. Mo gbé odidi ìresì lọ sí ilẹ̀ Èkìtì láti lọ fi ṣe ẹ̀rí, mo sì rò pé mo ti ṣe nǹkan. Bí ẹní gbé omi lọ han ará Badagry ni.

Bí mo ṣe padà dé Adó, mo bọ́ gèlè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í po amọ̀ ní ẹ̀yìn búkà Ìyá Bọ́sẹ̀. Àdògán ńlá ni mo mọ, tí ìkòkò iṣu rẹ̀ á rì sínú rẹ̀ títí dé ọrùn, tí ihò èéfín rẹ̀ á yọ lókè òrùlé. Ìyá Bọ́sẹ̀ dúró tì mí, ó ń nu ojú.

"Ìkòkò tó rì báyìí, ṣé mo á lè bu usu nínú rẹ̀?"

"Ẹ ó lè bù ú, Mọ́mì."

"Bí kókó bá wà nínú uyán mi, àwọn oníbàárà mi á lọ o."

"Kókó ò ní sí."

Èmi tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀, ẹ ṣáà mọ̀ pé n kò gún iyán tẹ́nìkan ń rà rí.

Ijan

Amọ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ díẹ̀díẹ̀, nítorí náà Àǹtí Bùsọ́lá mú mi lọ sí Ijan, níbi tí àwọn mọ̀lẹ́bí rẹ̀ ti ń dáko. Ìtẹ́wọ́gbà ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Wọ́n pa adìyẹ, wọ́n yan iṣu fún mi, wọ́n da epo sí i. Gbogbo ilé tí a bá kọjá ni wọ́n ti ń bi mí pé ṣé iṣu Ṣakí tó èyí. Mo ní ó tó. Wọ́n ní irọ́ ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbè yín títí ohùn mi fi há.

Ṣùgbọ́n bàbá àgbà inú ilé náà mú mi dé etí oko rẹ̀. Ó na ọ̀pá sí ibi tí kò sí nǹkankan àfi kùkùté. Ó ní igbó ni ibẹ̀ nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ọ̀sán gangan ò yàtọ̀ sí ìrọ̀lẹ́ nínú rẹ̀. Wọ́n gé e dáná, wọ́n gé e tà. Ó ní òjò kò mọ ọjọ́ mọ́. Bí òun bá gbin àgbàdo, òjò á dá. Bí òun bá dúró de òjò, á pẹ́ jù kó tó rọ̀.

"Èmi ò mọ ọ̀rọ̀ ojú ọ̀run," ló sọ. "Mo kàn mọ̀ pé ibi tí ugi wà ni òjò mọ̀ sí ulé."

Mo kó ọ̀rọ̀ yẹn sínú. Mo ní n ó sọ ọ́ fún àwọn aṣòfin, kódà bí wọ́n bá fẹ́ lé mi jáde.

Níwájú àwọn aṣòfin

Ọjọ́ tí ìgbìmọ̀ tẹ̀ẹ́kótó fẹ́ gbọ́ ẹnu ará ìlú dé. Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi tí ẹ rí yìí, mo wọ ìró àti bùbá àlàárì mi, mo jókòó lórí àga tìmùtìmù, fáànù ń fẹ́ mi lórí. Ìdùnnú fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé mi dìde kí wọ́n tó pè mí.

Mo sọ̀rọ̀! Mo sọ ti èéfín, mo sọ ti ojú àwọn obìnrin, mo sọ ti igbó Ijan àti òjò tó ti sọ ilé rẹ̀ nù. Wọ́n gbọ́ mi. Ṣùgbọ́n alága ìgbìmọ̀, ọkùnrin sísanra tó ní ohùn rere, rọra gbé awò ojú rẹ̀ sílẹ̀. Òun ni olórí àwọn tó fẹ́ yọ abala náà.

Ó ní, "Mọ́mì, a dúpẹ́. Ọ̀rọ̀ yín dùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ìpínlẹ̀ Èkìtì ni èyí. Bí a bá kọ́ ohun ìdáná sí gbogbo ọjà wa tí kò bá lè gún iyán, àwọn obìnrin á fi sin adìyẹ. Ṣé ẹ ti fi gún iyán rí?"

Ìgèdè tún dé bá mi.

Ẹ̀yìn ni ohùn ti wá. Ìyá Bọ́sẹ̀, tó ti jókòó láàárín àwọn ará ìlú láti àárọ̀, dìde. Ó ní, "Ọnọ́rébù, ọ̀sán ti pọ́n. Ẹ dìde, ẹ wá jẹun."

Ibi tí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ iyán fún ọmọ Èkìtì lọ́sàn-án, ìpàdé ti parí. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wo aago, wọ́n dìde. Ọkọ̀ ìjọba tò lọ sí Fájuyì.

Kókó dà?

Àdògán mi ti gbẹ, ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́sẹ̀ kò tíì fi dáná rí. Ọjọ́ náà ni àkọ́kọ́, lójú àwọn tí ọ̀rọ̀ náà wà lọ́wọ́ wọn. A kó iṣu sí ìkòkò, mo ṣáná sí i. Èéfín gba ihò òkè jáde. Àwọn aṣòfin jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyẹn tí mo rí ògiri búkà náà.

Iṣu hó, ó jinná. Èmi, gẹ́gẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe nílé, mo fa igi jáde lẹ́nu àdògán, mo sì rì í sínú eérú. Ṣé tí oúnjẹ bá ti jinná, kí ni iná tún wà fún?

Ìyá Bọ́sẹ̀ figbe ta. "Uná! Ta ló yọ uná?"

Àwọn obìnrin tó di ọmọ odó mú dúró. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀, bí èmi náà kò ṣe mọ̀: ní Èkìtì, iná kì í kú kí iyán tó jáde lódó. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń bu iṣu sódó, ìyókù gbọ́dọ̀ máa gbóná nínú ìkòkò. Iṣu tó bá ti tutù, kókó ni yóò dì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń koná mọ́ ọn nígbà tí wọ́n bá ń gún un, ìgbà yẹn gan-an sì ni èéfín ààrò máa ń bo ojú wọn jù. Èmi àlejò ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Kò sì sí ẹ̀yinná mọ́ nínú eérú, kí a sì tó tún dá iná, iṣu á ti tutù.

Alága gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Àǹtí Bùsọ́lá ká ọwọ́ lórí. Mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Ìyá Bọ́sẹ̀ ní, "Ẹ gún un bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa àwọn ọmọ."

Wọ́n gún un. Kìì, kìì, kìì. Wọ́n bù ú, wọ́n gún, wọ́n bù, wọ́n gún. Ìyá Bọ́sẹ̀ na ọwọ́ sínú ìkòkò láti mú èyí tó kù nísàlẹ̀, ó sì yára fa ọwọ́ yọ, ó ń fẹ́ ìka rẹ̀.

"Yèyé mi o! Ó ṣì ń jóni!"

Amọ̀ tó gbá ìkòkò mọ́ra ti di ooru mú. Kò sí iná, kò sí èéfín, iṣu sì gbóná bí ẹni pé ìgbà yẹn gan-an ni wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Mo ti ń mọ irú àdògán yẹn fún ọdún pípẹ́, n kò mọ̀ pé ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí àwa kì í dúró láti wò ó.

Wọ́n gbé iyán síwájú alága. Ó bù ú, ó fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wá òkúta nínú ẹ̀wà, ó gbé e mì. Ó tún bù ú. Ó tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ó tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Nígbà tó tán, ó wo ìsàlẹ̀ àwo.

Ó ní, "Kókó dà?" Ẹnu ya òun fúnra rẹ̀. Gbogbo búkà hó yèè. Mo fò mọ́ Àǹtí Bùsọ́lá, mo fi eérú yí aṣọ rẹ̀, kò tilẹ̀ mọ̀.

Ìdágbére

Mo dúró de ìpinnu wọn. N kò fẹ́ kúrò ní Adó láìgbọ́ ọ, Ìyá Bọ́sẹ̀ náà kò sì fẹ́ kí n lọ. Lójoojúmọ́ ni ó ń fi àdògán náà dáná, tí àwọn obìnrin láti búkà mìíràn ń wá yọjú, tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára. Mo mọ òmíràn fún àwọn kan nínú wọn. Ìyá àgbà Ìgèdè yẹn gbọ́, ó wá fúnra rẹ̀, ó jẹ iyán, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó máa dára. Mo tún bu iyán sí i fún un.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ jábọ̀, wọ́n fi abala náà sílẹ̀. Alága náà ló dúró tì í. Kò tíì di òfin o, ẹ má jẹ́ kí n bù mọ́ ọn. Ó ṣì kù kí gbogbo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin jókòó lé e, kí gómìnà sì fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀, kò sì sí ẹni tó tún ń bèèrè ẹni tó rí irú rẹ̀ rí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń bọ̀, gbogbo búkà tú jáde. Wọ́n di iṣu fún mi, wọ́n fi obì lé e. Ìyá Bọ́sẹ̀ jáde láti ìdí àdògán, kò nu ojú. Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú bó ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo dé. Ó fẹ́ súre fún mi, ni ó bá sún mọ́ mi. Ó ń wò mí. Ó gbé ìka sókè, ó fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi, ó fà á lọ díẹ̀díẹ̀.

Ó ní, "Ulà! Ọmọ mi, o kọlà?"

Àwọn ènìyàn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí ó tó wá yé mi. Gbogbo ọjọ́ tí mo fi wà lọ́dọ̀ rẹ̀, tí mo ń yìn ín nínú ọkàn mi pé ó ní ẹ̀kọ́ ilé, èéfín ni kò jẹ́ kó rí ojú mi.

"Ó mà yẹ ọ́ o," ló sọ. "Mélòó ni?"

Dírẹ́bà ń fọn fèrè. Mo sún ojú mi mọ́ ọn, mo ní kó máa kà á.